Bí Wọ́n Ṣe Ń Ya Ilé Ọlọ́run Sí Mímọ́ Láyé Durandus, Láti Alẹ́ Ààwẹ̀ Títí Dé Mísà

Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró níta ṣọ́ọ̀ṣì tuntun rí, tí ẹ rí bíṣọ́ọ̀bù tó ń fi ọ̀pá kan ilẹ̀kùn, tí ẹ ò sì mọ ibi tí àṣà náà ti wá, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Èmi ni mò ń tọ́jú yàrá ìmúra àwọn fáda ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Èmi ni mò ń fọ aṣọ pẹpẹ, tí mò ń bu omi mímọ́ sínú àwo, tí mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń sìn nídìí pẹpẹ. Ohun tó bá kan iṣẹ́ ọwọ́ ni mo mọ̀ jù, nítorí náà bí ẹni tó fẹ́ gbé iṣẹ́ náà lé yín lọ́wọ́ ni màá ṣe ṣàlàyé rẹ̀: ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀, ẹni tó ń dúró níbí, ẹni tó ń dúró lọ́hùn-ún, èyí tó ṣáájú àti èyí tó kẹ́yìn.

Ìlànà tí mò ń tẹ̀ lé ni ti Guillaume Durand, ẹni tí wọ́n ń pè ní Durandus lédè Látìn, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Mende ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Láàárín 1293 sí 1295 ló to gbogbo ohun tí bíṣọ́ọ̀bù ń ṣe sínú ìwé kan, orí ìwé yẹn náà sì ni Róòmù gbé tirẹ̀ lé nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1485. Kì í ṣe òun ló dá a sílẹ̀. Ọ̀nà àwọn ará Róòmù, tí wọn kò ṣe ju kí wọ́n gbé egungun àwọn ẹni mímọ́ sábẹ́ pẹpẹ kí wọ́n sì ṣe Mísà, àti ọ̀nà àwọn ará Gálì, ìyẹn ilẹ̀ Faransé ìgbà àtijọ́, tó kún fún omi àti òróró, ti para pọ̀ di ọ̀kan tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó bí i.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn látìbẹ̀rẹ̀, torí pé òun ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹni tó fẹ́ di Kristẹni ni wọ́n ṣe ń ṣe ilé náà. Wọ́n á lé ẹ̀mí búburú kúrò níbẹ̀, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́, wọ́n á fi òróró kùn ún, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ funfun, wọ́n á tan àbẹ́là fún un, lẹ́yìn náà ni oúnjẹ Olúwa á wá. Bí ẹnì kan bá bi yín ìdí tí wọ́n fi ń ṣe apá kan níbẹ̀, ẹ wo ìrìbọmi, ẹ ó rí ìdáhùn.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

Òróró méjì ni: òróró tí wọ́n fi ń kun àwọn tó ń múra ìrìbọmi, àti Kírísímà, ìyẹn òróró ólífì tí wọ́n po básámù mọ́. Ẹ má ṣe gbé méjèèjì sínú ìgò tó jọra. Ẹ wá omi tó pọ̀, iyọ̀, wáìnì, àti eérú. Ẹ jọ eérú náà kó kúnná dáadáa, kó gbẹ, torí ẹ ó lò ó lẹ́ẹ̀mejì, bí ó bá sì ti tutù, ọ̀pá kò ní lè fa ìlà lórí rẹ̀. Ẹ di ewé hísópù ní ìdì fún ìwọ́n omi. Ẹ wá tùràrí, àwo tùràrí, àbẹ́là ńlá méjìlá, àbẹ́là tín-ín-rín fún orí pẹpẹ, aṣọ ìnura tí ẹ kò ní fi ṣe nǹkan mìíràn mọ́, àti àkàbà tó lágbára. Ẹ ya àgbélébùú méjìlá sára ògiri inú yípo, kí ó ga ju orí èèyàn lọ, kí ẹ sì kan ohun tí àbẹ́là máa dúró lé mọ́ iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má gbàgbé bíríkìlà. Èèyàn pàtàkì ni lọ́jọ́ náà. Kí ó ti gbẹ́ ihò kékeré sínú pẹpẹ òkúta, kí ó sì ti gé pẹlẹbẹ òkúta tó máa dé e géérégé. Kí ó mú yanrìn àti ẹfun sísun wá, àmọ́ kí ó má ṣe tíì po ó. Omi tó máa fi po ó kò tíì sí.

Alẹ́ tó ṣáájú

Bíṣọ́ọ̀bù á gbààwẹ̀, àwọn tó ní kí wọ́n wá ya ilé náà sí mímọ́ fún àwọn náà á gbà á. Ààwẹ̀ ọjọ́ kan yìí kéré sí tàwọn ará ìṣáájú. Bede, mọ́ńkì tó kọ ìtàn ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí wọ́n fún bíṣọ́ọ̀bù Cedd ní ilẹ̀ ní Lastingham, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọ̀rúndún keje, gbogbo ogójì ọjọ́ Lẹ́ńtì ló fi gbààwẹ̀ lórí ilẹ̀ náà kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀. Bí a bá yọ ọjọ́ Ìsinmi kúrò, kì í fẹnu kan nǹkan títí ilẹ̀ á fi ṣú, oúnjẹ alẹ́ náà kò sì ju búrẹ́dì díẹ̀, ẹyin adìyẹ kan àti wàrà díẹ̀ tí wọ́n bu omi là. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá ni ọba ránṣẹ́ pè é. Cynibil arákùnrin rẹ̀ ló gba ààwẹ̀ tó kù parí. Ìtàn yìí máa ń wú mi lórí gan-an: wọn ò jẹ́ kí ààwẹ̀ ilé náà já.

Alẹ́ yìí kan náà ni bíṣọ́ọ̀bù máa di egungun àwọn ẹni mímọ́ sínú àpótí kékeré. Á fi hóró tùràrí mẹ́ta sí i, àti awọ pélébé kan tó kọ ọdún, ọjọ́, orúkọ ara rẹ̀, orúkọ ẹni mímọ́ tí wọ́n fi ilé náà sọrí àti ti àwọn tí egungun wọn wà níbẹ̀ sí, á sì fi èdìdì dì í. Wọn kò gbọ́dọ̀ gbé àpótí náà wọ ilé tuntun lálẹ́ yìí. Inú ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn tàbí àgọ́ tó mọ́ ni kí ẹ gbé e sí, kí iná máa jó níwájú rẹ̀, kí àwọn àlùfáà sì ṣe àìsùn orin níbẹ̀ di òwúrọ̀.

Ọ̀rọ̀ egungun yìí ti lágbára láti ìgbà Ambrose, bíṣọ́ọ̀bù Mílàn. Ní 386, àwọn èèyàn ní kí ó ya ilé tuntun tó kọ́ sí mímọ́ bó ṣe ya ti tẹ́lẹ̀. Ó ní òun á ṣe é bí òun bá rí egungun àwọn ajẹ́rìíkú. Wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọ́n rí Gervasius àti Protasius. Ìgbìmọ̀ Nísíà ti 787 wá sọ ọ́ di òfin pé ilé kankan kò gbọ́dọ̀ ṣaláìní in. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Gẹ̀ẹ́sì tó pàdé ní Chelsea ní 816 fi àyè sílẹ̀: bí egungun kò bá sí, kí wọ́n fi Ara Olúwa, ìyẹn búrẹ́dì Mísà, síbẹ̀.

Níwájú ilẹ̀kùn

Ní òwúrọ̀, ẹ lé gbogbo èèyàn jáde, ẹ tan àbẹ́là méjèèjìlá, kí díákónì kan ṣoṣo kù sínú ilé, kí ó ti ilẹ̀kùn. Bíṣọ́ọ̀bù á súre sórí omi àti iyọ̀ níta, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ilé náà ká, tòun ti àwọn akọrin àti ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́yìn rẹ̀, á máa wọ́n omi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa yí i. Nígbà àkọ́kọ́, òkè ògiri ni á máa wọ́n omi sí. Nígbà kejì, ìsàlẹ̀. Nígbà kẹta, àárín, ní ọ̀gangan ojú.

Bó bá ti dé iwájú ilẹ̀kùn nígbà kọ̀ọ̀kan, á fi ìdí ọ̀pá rẹ̀ kàn án, á sì pe Sáàmù 24: “Ẹ gbé orí yín sókè, ẹ̀yin ẹnu-ọ̀nà, kí a sì gbé yín sókè, ẹ̀yin ilẹ̀kùn ayérayé, kí Ọba ògo kí ó wọ inú ilé wá.” Díákónì á dáhùn láti inú: “Ta ni Ọba ògo yìí?” Wọ́n á dá a lóhùn níta pé Olúwa tí ó le, tí ó sì lágbára ni, Olúwa tí ó lágbára ní ogun. Ilẹ̀kùn kò ní ṣí. Wọ́n á tún yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà kẹta ni ìdáhùn á yí padà: “Olúwa àwọn ọmọ-ogun, òun ni Ọba ògo,” gbogbo àlùfáà á sì pariwo pé, “Ẹ ṣílẹ̀kùn!” Díákónì á ṣí i.

Bí ẹ bá jẹ́ díákónì yẹn, ẹ má ṣe kánjú. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ pé ẹni tó wà nínú ilé kì í ṣe olùṣọ́nà lásán. Ohùn ilé tí kò tíì mọ Olúwa ló ń fọ̀. Ìbéèrè yẹn gbọ́dọ̀ dún bí ìbéèrè.

Bíṣọ́ọ̀bù á fi ọ̀pá ya àgbélébùú sí ìloro, á ní, “Ẹ wo àmì àgbélébùú, kí gbogbo iwin sá lọ,” á sì wọlé pẹ̀lú, “Àlàáfíà fún ilé yìí.” Àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́, àwọn akọrin díẹ̀ àti bíríkìlà nìkan ló ń bá a wọlé. Ẹ ti ilẹ̀kùn padà, kí àwọn tó kù dúró síta.

Ábídí lórí eérú

Apá tí mo fẹ́ràn jù rèé. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pe Ẹ̀mí Mímọ́, tí wọ́n dojúbolẹ̀, tí wọ́n sì ka orúkọ àwọn ẹni mímọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé eérú wá. Ẹ dà á sílẹ̀ láti igun ilé dé igun kejì kí ó dábùú, ẹ tún dà á láti igun tó kù, kí ìlà méjèèjì gba ara wọn kọjá láàárín ilé. Kí ìlà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ọwọ́ kan. Ẹni tó ń da á gbọ́dọ̀ máa rìn sẹ́yìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bàtà rẹ̀ á ba iṣẹ́ jẹ́.

Bí akọrin bá ti gbé orin Sakaráyà, bíṣọ́ọ̀bù á bẹ̀rẹ̀ láti igun òsì ẹnu-ọ̀nà, á fi ìdí ọ̀pá rẹ̀ kọ ábídí Gíríìkì, lẹ́tà 24, sórí eérú lọ dé igun ọ̀tún lápá ìlà-oòrùn. Á padà wá sí igun ọ̀tún ẹnu-ọ̀nà, á kọ ti Látìn, lẹ́tà 23 láyé ìgbà náà, lọ dé igun òsì lókè. Ní Gálì ní ọ̀rúndún kẹjọ, láti ìhà ìlà-oòrùn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fojú inú wo àgbà ọkùnrin tó wọ aṣọ oyè, tó tẹ̀ ba, tó ń kọ álífà, bítà, gámà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé. Durandus ṣàlàyé rẹ̀ pé ẹ̀yà méjì, àwọn Júù àti àwọn Kèfèrí, ló pàdé lójú àgbélébùú. Ó tún ní Májẹ̀mú méjèèjì ni, àti pé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ni, torí ẹni tó bá ń bọ̀ wá gba Krístì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ ábídí. Ìtumọ̀ kẹta yìí ni mo gbà jù. Ilé náà ń kẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́. Ìwé ìlànà tí Róòmù gbé jáde ní 1977, tí a ń lò báyìí, ti yọ ábídí kúrò, ó sì dùn mí, nítorí kò sí apá mìíràn nínú ètò náà tó fi hàn kedere bẹ́ẹ̀ pé ẹ̀kọ́ ló ń ṣáájú omi.

Omi olóhun mẹ́rin

Omi tí wọ́n lò níta jẹ́ omi àti iyọ̀. Ti inú ilé yàtọ̀. Ẹ gbé omi, iyọ̀, eérú àti wáìnì wá síwájú bíṣọ́ọ̀bù. Á súre sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, á po iyọ̀ mọ́ eérú, á da á sínú omi, á wá da wáìnì lé e kẹ́yìn. Iyọ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti dúró nídìí ìkómọjáde rí. Eérú ló máa ń ya àwọn ọmọ mi lẹ́nu. Durandus ní wáìnì ni jíjẹ́ Ọlọ́run Krístì, omi ni jíjẹ́ èèyàn rẹ̀, iyọ̀ ni ẹ̀kọ́, eérú sì ni ìrántí ìyà tó jẹ. Wọ́n so omi yìí mọ́ orúkọ póòpù Gregory Ńlá, ẹni tó kọ̀wé ní 601 nípa àwọn ilé òrìṣà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n má wó wọn, kí wọ́n wọ́n omi mímọ́ sí wọn, kí wọ́n tẹ́ pẹpẹ, kí wọ́n gbé egungun ẹni mímọ́ síbẹ̀.

Bíṣọ́ọ̀bù á ki àtàǹpàkò bọ omi náà, á ya àgbélébùú sí àárín pẹpẹ àti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀. Á yí pẹpẹ ká lẹ́ẹ̀meje pẹ̀lú ewé hísópù àti Sáàmù 51, “wẹ̀ mí, èmi ó sì funfun.” Á wọ́n ọn sí ògiri inú lẹ́ẹ̀mẹta, á wọ́n ọn sílẹ̀ níbùú àti lóròó. Ẹ má da èyí tó kù nù. Òun ni bíríkìlà máa fi po yanrìn àti ẹfun.

Gbígbé egungun wọlé

Ẹ wá jáde lọ gbé àpótí ti àná. Àwọn àlùfáà á gbé e léjìká pẹ̀lú tùràrí àti àbẹ́là, wọ́n á gbé e yí ilé náà ká, gbogbo ìlú, tọmọdé tobìnrin, á máa tẹ̀ lé wọn, wọ́n á máa ké “Kyrie eleison,” ìyẹn “Olúwa, ṣàánú.” Ẹ ṣọ́ èrò o. Nígbà tí wọ́n ń ya ibi pẹpẹ tuntun Saint-Denis lẹ́bàá Párísì sí mímọ́ ní 11 Oṣù Kẹfà 1144, Suger, olórí àwọn mọ́ńkì ibẹ̀, kọ ọ́ pé ọba Louis Keje fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó ń dá èrò padà. Pẹpẹ 20 ni wọ́n yà sí mímọ́ lọ́jọ́ náà.

Kí wọ́n tó wọlé, bíṣọ́ọ̀bù á jókòó sẹ́nu-ọ̀nà, á bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ nípa ọ̀wọ̀ ilé Ọlọ́run, á wá kọjú sí ẹni tó kọ́ ọ: kí ló fi sílẹ̀ fún ìtọ́jú ilé yìí àti oúnjẹ àlùfáà rẹ̀? Òfin ni. Wọn kì í ya ilé tí kò ní ohun tí á máa fi gbọ́ bùkátà sí mímọ́. Àwa náà ìbá máa bi ara wa ní ìbéèrè yìí ní gbangba kí a tó gé rìbọ́ọ̀nù, nítorí mo mọ ilé tó rẹwà lọ́jọ́ ìyàsímímọ́ tí òjò ń jò sórí pẹpẹ rẹ̀ kí ọdún díẹ̀ tó pé.

Bíṣọ́ọ̀bù á fi Kírísímà ya àgbélébùú sí ilẹ̀kùn, èrò á wá wọlé. Nídìí pẹpẹ, á fi Kírísímà kan igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ihò náà, á gbé àpótí sí i, á fi òróró kan abẹ́ pẹlẹbẹ òkúta, á fi dé e. Bíríkìlà á tẹ̀ síwájú, á fi ohun tó pò rẹ́ etí rẹ̀ yíká. Ẹ jẹ́ kí ó ṣe é dáadáa. Orin lè dúró dè é.

Òróró lórí òkúta àti lára ògiri

Tùràrí ni kí ẹ kọ́kọ́ fín. Lẹ́yìn náà, bíṣọ́ọ̀bù á fi òróró ìrìbọmi ya àgbélébùú márùn-ún sórí pẹpẹ, á tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, á wá fi Kírísímà ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta, á sì fọwọ́ pa á kárí òkúta náà. Ní gbogbo àkókò yìí, àlùfáà kan á máa yí pẹpẹ ká pẹ̀lú àwo tùràrí láìdúró. Orin Jákọ́bù ni wọ́n ń kọ, ẹni tó da òróró sórí òkúta tó fi ṣe ìrọ̀rí.

Ibi tí àkàbà ti wúlò rèé. Bíṣọ́ọ̀bù á gun un lọ síbi àgbélébùú méjèèjìlá lára ògiri, á fi àtàǹpàkò kùn wọ́n ní Kírísímà lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì fín tùràrí sí wọn, nítorí ìlú tí Jòhánù rí nínú Ìfihàn ní ìpìlẹ̀ méjìlá tó ní orúkọ àwọn àpọ́sítélì méjìlá. Ẹ ní kí ẹni méjì di àkàbà mú. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n máa ń ṣe ti ìta ògiri pẹ̀lú: ní Salisbury, tí wọ́n yà sí mímọ́ ní 20 Oṣù Kẹsàn-án 1258 níwájú ọba Henry Kẹta, èèyàn ṣì lè rí àwọn àgbélébùú náà lára òkúta. Nínú ètò tòde òní, ẹ̀yin náà lè rí méjìlá tàbí mẹ́rin.

Bíṣọ́ọ̀bù á padà sídìí pẹpẹ, á to hóró tùràrí márùn-ún-márùn-ún sí ibi márùn-ún, á gbé àbẹ́là tín-ín-rín tí wọ́n tẹ̀ bí àgbélébùú lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, á sì tan iná sí orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ á jó mọ́ òkúta. Igi pẹlẹbẹ ni kí ẹ fi ha eérú àti ìda kúrò. Ẹ má fi irin ha á.

Aṣọ, iná, Mísà

Ẹ fi aṣọ ìnura nu òróró. Aṣọ tí wọ́n fi ìda rẹ ni ẹ máa kọ́kọ́ tẹ́, kí òróró tó bá kù má bàa mu sókè. Ẹ wá tẹ́ aṣọ funfun lé e. Mo máa ń ronú sí aṣọ funfun tí wọ́n ń wọ̀ fún ọmọ lẹ́yìn ìrìbọmi nígbà tí mo bá ń tẹ́ aṣọ pẹpẹ. Ẹ gbé àgbélébùú àti àbẹ́là sí i. Orin ìwọlé Mísà náà ni ọ̀rọ̀ Jákọ́bù nígbà tó jí: “Ibí yìí ti ní ẹ̀rù tó!”

Lẹ́yìn Mísà, wọ́n á kéde ìdáríjì ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀ fún àwọn tó wá. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù kan ti ń sọ ọ́ di púpọ̀ jù, ni ìgbìmọ̀ Látẹ́ránì ti 1215 bá dá a dúró sí ọdún kan lọ́jọ́ ìyàsímímọ́, àti ogójì ọjọ́ ní àyájọ́ rẹ̀. Nítorí náà ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ sínú ìwé ìjọ, torí ọdọọdún ni ẹ ó máa ṣe é.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń ya ilé sí mímọ́, bí wọn kì í ti í ṣèrìbọmi fúnni lẹ́ẹ̀mejì. Bí ògiri rẹ̀ bá wó lọ tó pọ̀ jù, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bí òkúta pẹpẹ bá ṣí kúrò ní ipò rẹ̀ tàbí tó fọ́ gidi, pẹpẹ nìkan ni ẹ ó tún yà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀, ìlàjà ni ilé náà nílò, omi olóhun mẹ́rin yẹn náà ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ẹ dá gbogbo ìsìn dúró títí bíṣọ́ọ̀bù á fi dé. Ní Canterbury, níbi tí wọ́n ti pa Thomas Becket, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ibẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní 29 Oṣù Kejìlá 1170, ó di 21 Oṣù Kejìlá 1171 kí wọ́n tó ṣe ìlàjà ilé náà, tí ìsìn sì tún bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.